Èjì, Ẹ̀jọ: Bí A Ṣe Ń Ka Nọ́ńbà Ara Ìwé

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Òjòkú lọ sí Ọ̀fà, tàbí tó rìn jìnnà dé Ìlọrin, láti wá ìwé gírámà Yorùbá nílé ìkàwé lè bá irú nọ́ńbà yìí pàdé: PL8821 .B28 1966. Tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kà á, ó lè dúró níwájú ìwé náà gan-an kó má rí i. Ibi tó sì ti máa ń rú èèyàn lójú jù ni òǹkà, bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá ti ní ọ̀nà tó dára láti pè é.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa ló ń lo ètò tí Ilé Ìkàwé Kóńgírẹ́ẹ̀sì ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀. Nínú ètò náà, P dúró fún èdè àti lítíréṣọ̀, PL sì kó èdè ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ra. Láàárín PL8821 sí PL8824 ni Yorùbá wà. Òǹkà tó tẹ̀ lé lẹ́tà yìí, odindi ni kí a pè é: ẹgbàárin ó lé ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlélógún. Ìdí nìyẹn tí PL895 fi ń ṣáájú PL8821, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sán ju ẹ̀jọ lọ lójú ẹni tó ń wo òǹkà kejì nìkan.

Tí a bá ti kọjá pọ́íntì, ọ̀rọ̀ yí padà. B ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ òǹkọ̀wé, bíi Bámgbóṣé, tí ìwé rẹ̀ lórí gírámà Yorùbá jáde ní 1966. Òǹkà tó tẹ̀ lé B kì í ṣe odindi, ìdá ni. Ẹni tó bá pe .B28 ní "Bí méjìdínlọ́gbọ̀n" yóò máa wá a lẹ́yìn .B3, nítorí méjìdínlọ́gbọ̀n ju mẹ́ta lọ. Iwájú .B3 ló sì wà. "Bí, èjì, ẹ̀jọ" ló yẹ kó pè é. Yorùbá ò da èjì pọ̀ mọ́ méjì: èjì ni ti kíkà lásán, ení, èjì, ẹ̀ta, méjì ni ti iye nǹkan, bí ìwé méjì. Ẹni tó bá ń ka ení, èjì yóò fi òǹkà kìn-ín-ní wé kìn-ín-ní: èjì kéré sí ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ohun tó kan ẹ̀jọ níbẹ̀. Ọdún tó kẹ́yìn nọ́ńbà náà ni ọdún tí wọ́n tẹ ìwé jáde, ó sì rọrùn.

Ààtò lẹ́tà tún ni ibòmíràn tí àwọn tó mọ Yorùbá dáadáa ti ń ṣìnà. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, O parí kí Ọ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Òkédìjí máa ń ṣáájú Ọdúnjọ. Ilé ìkàwé kì í ka àmì abẹ́ lẹ́tà kún nígbà tí wọ́n bá ń to ìwé. Od ló ṣáájú Ok lójú wọn, Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé yóò sì wà níwájú Òkédìjí. Ìṣọ̀lá wà níbi tí Isola yóò wà. Gb náà pàdánù ipò rẹ̀: nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, gírámà ṣáájú gbẹ̀du, ṣùgbọ́n níhìn-ín, G-b ló ń ṣáájú G-i. Ó dun ni pé ètò náà kò fún lẹ́tà wa ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé ìkàwé ìjọba tó wà fún gbogbo ará ìlú sábà máa ń lo ètò Melvil Dewey, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1876. Òǹkà nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá wà ní 496.333: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́rin, pọ́íntì, ẹ̀ta, ẹ̀ta, ẹ̀ta. Lítíréṣọ̀ rẹ̀ wà ní 896.333: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó dín mẹ́rin, lẹ́yìn náà ẹ̀ta mẹ́ta kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gírámà àti ìtàn àròsọ Fágúnwà lọ́jọ́ kan náà yóò dé pẹpẹ méjì tó jìnnà síra.