Ẹ Má Jẹ́ Kí Ooru Jẹ Èrè Yín: Ìtọ́jú Káàdì Àwòrán Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pósítà àti ìwé ìpè òde, tàbí tẹ́ ẹ ń ẹdíìtì fídíò ìgbéyàwó ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán, ọ̀rọ̀ yín rèé. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde wà lára ohun tó ń gbóná jù nínú kọ̀ǹpútà.

Bó bá ń ṣiṣẹ́ tó le, ìwọ̀n ooru 60 sí 80 Celsius kò léwu. Bó bá ń kọjá 85 léraléra, ẹ fura. Ọ̀pọ̀ káàdì á dín iṣẹ́ kù fúnra rẹ̀ kó má baà bàjẹ́; ìyẹn náà lè mú kí fídíò máa falẹ̀ lọ́sàn-án. Ní ti kápásítọ̀ olómi inú páwà, ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé bí ooru bá fi 10 lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ dín sí ìdajì.

Afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ni káàdì fi ń tutù. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ooru ọ̀sán Ìbàdàn máa ń lé ní 33. Nítorí náà:

1. Ẹ má fi ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ti ògiri.
2. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ yọ wáyà iná, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò. Ẹ di fáànù mú kó má yí.
3. Ẹ máa wo ìwọ̀n ooru káàdì nínú Task Manager Windows 10 tàbí 11.

Owó káàdì tuntun lè gbé èrè oṣù mélòó kan lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.