Ẹni Tó Ní Kí Ẹ Ra Ṣíà, Ta Ló Ń Sanwó Fún Un?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ wò, kí wọ́n sọ èrè tí yóò jẹ lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n wá ní kí aráyé ra ṣíà rẹ̀ tàbí kí wọ́n tà á. Ó kàn wá, nítorí àwọn kan ń fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fi ra ṣíà.

Ní 1933, Alfred Cowles, ará Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ó yẹ ìmọ̀ràn bí 7,500 wò, èyí tí ilé-iṣẹ́ 16 fún àwọn oníbàárà wọn láti 1928 sí 1932. Kí ló rí? Ìmọ̀ràn wọn fi 1.43 nínú 100 rẹ̀yìn lọ́dọọdún sí bí ọjà fúnra rẹ̀ ṣe rìn. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé e rí i pé "ẹ rà" pọ̀ lẹ́nu wọn ju "ẹ tà" lọ fíìfíì. Àsọtẹ́lẹ̀ èrè tó jìnnà sì sábà máa ń ga jù. Bí ọjọ́ ìkéde bá ti ń súnmọ́lé ni wọ́n á máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí Ọjà'ba. Ẹni tó fà yín lọ́wọ́ lọ sí ìsọ̀ aláṣọ, tí aláṣọ ń fún ní nǹkan lẹ́yìn tí ẹ bá lọ tán, ṣé yóò sọ fún yín pé àwọ̀ aṣọ náà máa ń ṣí? Ní 2003, ilé-iṣẹ́ ńlá 10 ní Amẹ́ríkà gbà láti san nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là kan ó lé irínwó mílíọ̀nù lórí irú ọ̀ràn yìí: àwọn tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ ta ṣíà.

Nílé wa ńkọ́? Ní March 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Nàìjíríà ju 66,000 lọ. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wá sí nǹkan bí 31,000. Ọ̀pọ̀ tó yáwó rà á, ṣíà wọn wálẹ̀, gbèsè kò wálẹ̀.

Èyí kò ní kí a ju gbogbo ìwé wọn nù o. Bí ẹni tí kì í sọ "ẹ tà" bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ tètè fetí sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún ṣíà, kí ó mú ìwé ìmọ̀ràn tó rí wá fún akọ̀wé. A ó jọ wo ẹni tó kọ ọ́, àti bóyá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ta ṣíà náà.