Ìgbé-ayé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí ó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ń forí lé Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀. Máàkì tí wọn yóò fi wọlé ni àwọn òbí ń bi wá léèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè irú ènìyàn tí ọmọ wọn yóò máa bá gbé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni yunifásítì ti ń tún ọmọ mọ.

Ìbàdàn ni àgbà. Ọdún 1948 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di òmìnira ara rẹ̀ ní ọdún 1962. Àṣà àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀: họ́ọ̀lù ni ilé, họ́ọ̀lù ni ìdílé. Mellanby, Tedder, Kútì tí a fi sọrí Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì, àti họ́ọ̀lù àwọn obìnrin tí ó ń jẹ́ orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwà tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wọ gáùn lọ jẹun alẹ́. Títí di òní, bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà tí ó kàwé ní Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ họ́ọ̀lù rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá wà lẹ́nu gèètì. Agbowó kọjú sí i, Bódìjà kò jìnnà. Ẹni tí họ́ọ̀lù bá sú lè wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ifẹ̀ yàtọ̀. Ìbàdàn kan náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé láti Ísírẹ́lì, ni ó tẹ́ ọgbà náà sí àárín òkè àti igbó, ọ̀nà gbọọrọ sì ni láti gèètì wọ inú. Ẹni tí ó bá ń gbé ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa rí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Nítorí náà ni gbogbo ọgbà fi di agbo ilé kan, tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì lágbára. Ìjọba sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, síbẹ̀ "Great Ife" ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pe ara wọn. Ní ojú tiwa, ọmọ Ìbàdàn kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ họ́ọ̀lù rẹ̀; ọmọ Ifẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀. (Àwọn ará Awo Hall yóò bá wa jiyàn lórí èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.)

Ohun kan papọ̀ ní ibi méjèèjì nígbà náà: tábìlì oúnjẹ. Ìjọba ni ó ń san púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi owó kún un ní ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Nàìjíríà dìde nínú ìwọ́de tí a mọ̀ sí "Ali Must Go". Ní ọdún 1984 ni ìrànwọ́ náà dópin, tí olúkúlùkù sì ra sítóòfù tirẹ̀. A kò rò pé àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ ohun tí wọ́n ń tú ká. Ẹni tí kò bá wá sí ìdí tábìlì ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀. Nínú yàrá, ọmọ lè fi ebi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Àyè náà kò ṣófo títí. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ gba díẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òkùnkùn gba díẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1952, ìgbéraga àti ẹ̀yà-lẹ́yà ni wọ́n ní àwọn ń bá jà. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó dìde lẹ́yìn wọn ni ó gbé ohun ìjà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n wọ Awo Hall ní Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, George Iwilade tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ìṣọ̀kan tí a mẹ́nu kàn lókè yìí ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ fi dìde sí wọn. Ẹ má sì ṣe rò pé ìbọn ni ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń pe ọmọ tuntun. Oúnjẹ ni, àti ẹni tí yóò máa pè é ní àbúrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín, ẹ tètè wá àwọn tí ẹ ó jọ máa jẹun. Ẹni tí ó bá lọ sí Ìbàdàn, kí ó má ṣe máa sá wá sílé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Inú họ́ọ̀lù ni àwọn ènìyàn rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá lọ sí Ifẹ̀, ariwo pọ̀ níbẹ̀, ọmọ sì lè sọnù sáàárín èrò. Kí ó wá ẹni mẹ́ta péré. Ọmọ mẹ́rin, yàrá kan, ìkòkò ẹ̀wà kan tí wọ́n dá owó rẹ̀: a ti rí i ní ọgbà méjèèjì.