Ìrẹsì Gbàǹjo Orí Fóònù

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Àrándùn. Ọkùnrin kan pè mí, ó ní kọ́sítọ́ọ̀mù ni òun, pé àwọn fẹ́ lu ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́ ní gbàǹjo. Ó dárúkọ èmi àti ọmọ mi. Mo fi ₦180,000 ránṣẹ́ fún àpò mẹ́fà, ló bá tún ní kí n san owó mọ́tò. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Onírẹsì, Àrándùn

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá wa. Ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́. Bí ẹ bá san owó mọ́tò, owó ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbájúẹ̀ ni.

Ẹ tètè pe báńkì yín lónìí, bóyá wọ́n á lè dá owó náà dúró. Ẹ mú ẹ̀rí ìsanwó àti nọ́ńbà rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá ní Òmù-Àrán. EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, náà ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni òfin jìbìtì ti ọdún 2006 là kalẹ̀ fún irú èyí, kò sí ti owó ìtanràn níbẹ̀.

Ẹ má bá ara yín wí jù. Irọ́ tí wọ́n fi òótọ́ lú ló ń tà. Lóòótọ́ ni kọ́sítọ́ọ̀mù ta ìrẹsì kílò 25 ní ₦10,000 ní Yaba, l'Ékòó, lóṣù kejì ọdún 2024. Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì dá títà náà dúró. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni wọ́n tà á, NIN ni wọ́n sì ń béèrè. Wọn kò pe ìyálọ́jà kankan lórí fóònù.

Ẹ wo orúkọ tó yọ nígbà tí ẹ ń fowó ránṣẹ́: ti ènìyàn ni àbí ti ìjọba? Owó ìjọba kì í gba àkáǹtì ẹnì kan kọjá. Ní ti orúkọ ọmọ yín, ẹnikẹ́ni lè rí i lórí Facebook.

Ẹ ṣọ́ra o: ẹlòmíràn lè pè yín lọ́la pé báńkì ni òun, òun fẹ́ bá yín gba owó padà, kí ẹ ka nọ́ńbà (OTP) tó wọlé sórí fóònù yín fún òun. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Báńkì kì í béèrè PIN tàbí OTP.

Láti òní lọ, ọjà tí ojú yín kò rí, tí ọwọ́ yín kò kàn, ẹ má sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe kíá kó má baà tán, ẹ jẹ́ kó tán.