Oògùn Ìfọ̀kànbalẹ̀ àti Ara Ẹni tí Àyà Rẹ̀ ń Já

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá ń fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Ìlọrin, àyà ọ̀pọ̀ wọn a máa já bí olùyẹ̀wò bá ti ń wọ kíláàsì bọ̀. Ẹlòmíràn a sì fẹ́ ra oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ lò. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ara àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bí ìpayà ṣe ń mú ara

Inú ara ni èdè Yorùbá fi ìpayà sí: àyà já, ara gbọ̀n, ọ̀fun gbẹ. Ìmọ̀ ìṣègùn gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín a tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a máa lù kìkì, ọwọ́ a sì làágùn. Cortisol a tẹ̀lé e, kí ara lè rí agbára lò.

Iṣẹ́ oògùn

Diazepam, tó jáde ní 1963 pẹ̀lú orúkọ Valium, ń fi kún agbára GABA, èròjà tí í máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀. Ìpayà a dínkù, ṣùgbọ́n oorun a máa kun ẹni tó lò ó, ohun tuntun a sì ṣòro fún un láti rántí. Bí a bá lò ó pẹ́, ó lè di bárakú. Bí a bá dá a dúró lójijì, ó lè fa gìrì.

Propranolol ní tirẹ̀ ń dí adrenaline lọ́nà kó má lè mú ọkàn sáré. Ọwọ́ kò ní gbọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n èrò tó bí ìbẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀. Ó sì léwu fún ẹni tó ní asímà.

Ìgúnlẹ̀

Oògùn ń mú ara rọlẹ̀; kì í mú ohun tó fa ìpayà kúrò. Ìdí nìyí tí ètò tí T. A. Lambo dá sílẹ̀ ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954 fi yẹ ní àríkọ́gbọ́n: aláìsàn ń gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn, ó sì ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí olùkọ́ àgbà ṣàlàyé ohun tí yóò yẹ̀ wò ṣáájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìpayà bá ń gba oorun lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, dókítà ni kó lọ rí. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà ojo.