Ríretí Èsì Lẹ́yìn Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹ sì ti mọ bí ó ti yẹ kí ènìyàn múra, àti bí ó ti yẹ kí ó dáhùn nígbà tí ó bá jókòó níwájú àwọn tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ohun tí àwọn ìwé kì í sábà mẹ́nu bà ni àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé èyí. Olùwáṣẹ́ ti jáde kúrò nínú yàrá náà, wọ́n ti sọ fún un pé, "Máa lọ sílé, a ó ránṣẹ́ sí ọ." Ó dé ilé, ó dá bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó yá wọ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fi ayọ̀ jáde nínú yàrá náà, tí ó jẹ́ pé àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ó ṣẹ́gun wọn.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun tí olùwáṣẹ́ yìí ń ṣe. A lè sọ pé ó ń dúró de èsì. A sì lè sọ pé ó ń retí èsì. Àwọn ènìyàn a máa lo ọ̀kan dípò èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sí èdè dáadáa yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ẹni tí ó ń dúró deni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, títí ẹni náà yóò fi dé. Àgbẹ̀ a máa retí òjò, ṣùgbọ́n kì í dúró dè é. Bí ó ti ń retí rẹ̀ ni ó ń ṣán igbó, tí ó ń kọ ebè, tí ó sì ń tọ́jú èbù iṣu rẹ̀. Ríretí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí olùwáṣẹ́ máa retí èsì tirẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1950, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni gbogbo ojú ń wò. Olùwáṣẹ́ a máa fi àpótí ìfìwéránṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ tàbí ti ìjọ rẹ̀ sí ìwé, a sì máa lọ béèrè níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, àpòòwé tí a tẹ lẹ́tà mẹ́rin náà O.H.M.S. sí lára, èyí tí ó fi hàn pé iṣẹ́ Ọbabìnrin ni, ni yóò dé. Gbogbo àdúgbò a sì ti mọ̀ kí olóhun tó tú u. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, a fi wáyà ránṣẹ́. Lẹ́tà a máa pẹ́ lọ́nà, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun lè di ẹ̀bi ru ọkọ̀ tàbí afárá tí ó já. Láti ọdún 2001 tí ẹ̀rọ alágbèéká GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwáwí yìí ti tán. Ó yẹ kí èyí mú ìretí rọrùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú un le sí i. Ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa sinmi ní ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú àpò kì í sinmi. Olùwáṣẹ́ a gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ó bá dún lóru, àyà rẹ̀ a já. Àṣé ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni ó fẹ́ ta orin fún un.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ ní gbogbo àkókò yìí? Ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé àìmọ̀ ni ó ń bí ìfura. Ẹni mẹ́ta tàbí márùn-ún ni ó sábà máa ń jókòó nínú yàrá náà, olúkúlùkù a sì máa fi máàkì sí ìwé tirẹ̀. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde, wọn a ro máàkì náà pọ̀, wọn a sì to orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé akọ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, tí ènìyàn mẹ́jọ sì wá. Wọ́n kọ̀wé sí ẹni kìíní. Ẹni kìíní tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì láti fi rò ó, bóyá nítorí pé òun náà ń retí èsì láti ibòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí, kí ni kí wọ́n sọ fún ẹni kejì? Bí wọ́n bá ní kò rí iṣẹ́ náà, tí ẹni kìíní sì wá kọ̀ ọ́, ojú yóò tì wọ́n láti tún pè é. Bí wọ́n bá ní ó rí i, irọ́ ni. Nítorí náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ sí ẹni kẹta pẹ̀lú, wọ́n sì dákẹ́ sí ẹni kẹjọ. Báyìí ni ẹni tí wọn kò fẹ́ rárá àti ẹni tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú ṣe ń gbọ́ ohun kan náà, èyí tí í ṣe pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yìí sí ìkọ̀sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ti yára jù. Ẹni tí ó bá sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìlérí, òun ni ó ṣe mí láàánú jù lọ.

Àwọn ìdí mìíràn tún wà: ẹlẹ́rìí tí kò tíì dá ìwé padà, dókítà tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò, ọ̀gá tí ó rin ìrìn-àjò láìfi ọwọ́ sí ìwé. Ní ti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀ràn náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 14 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ ni yóò pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìjọba; àjọ kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996 ni ó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a bá ti ka máàkì tán, a tún ní láti wo ibi tí olúkúlùkù ti wá.

Iye àwọn tí ń wáṣẹ́ pẹ̀lú kò ṣeé gbójú fò. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó wíwọlé àti jíjáde àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pe àwọn olùwáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri ilẹ̀ yìí fún ìdánwò. Ó lé ní 500,000 ènìyàn tí ó ti forúkọ sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú 1,000 náírà, fún àyè iṣẹ́ tí kò tó 5,000. Ní Àbújá àti ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ju mẹ́wàá lọ tí ó kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìjọba fagi lé ètò náà. Ẹni tí ó jáde láàyè, tí ó sì lọ sílé láti máa retí èsì, ìdánwò tí kò sí mọ́ ni ó ń retí èsì rẹ̀.

N kò sọ gbogbo èyí láti dá àwọn agbanisíṣẹ́ láre. Nígbà tí ẹni tí wọ́n yàn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlà méjì péré sí àwọn yòókù kò pọ̀ jù. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Ìséyìn dé Èkó láti wá dáhùn ìbéèrè wọn ti di àlejò wọn. Nínú ilé wa, ta ni í jẹ́ kí àlejò jókòó sí ìta títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, láìsọ fún un pé baálé kò sí nílé?

Ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìbàdàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n tilẹ̀ béèrè ọjọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀. Ó gbà pé iṣẹ́ ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ilé-ìwé kan ní ìlú rẹ̀ ní kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ó ní owó náà kéré, òun ń dúró de Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, bàbá rẹ̀ yá owó lórí kòkó tí ó ṣì wà lórí igi, kí wọ́n lè fi ṣe ètò àdúrà, nítorí ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ayé ni ó dí èsì náà lọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni ó tó wá sọ́dọ̀ mi. Mo béèrè bóyá ó ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Rárá o, sà, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà bínú." A jọ kọ lẹ́tà náà ní ọjọ́ náà gan-an. Èsì dé láàárín ọjọ́ mẹ́rin: ẹlòmíràn ti wà lórí àga náà láti ọ̀sẹ̀ kejì. Àyè ti ilé-ìwé ìlú rẹ̀ pẹ̀lú ti lọ, gbèsè sì wà lórí kòkó.

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí olùwáṣẹ́ tó jáde nínú yàrá náà ni ó ti yẹ kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè ìgbà tí òun lè retí èsì. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ kan. Lẹ́yìn àdírẹ́sì méjèèjì àti déètì, lẹ́tà náà lè rí báyìí:

Alàgbà,

Ìbéèrè Nípa Èsì Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún Iṣẹ́ Akọ̀wé

Mo wà lára àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí fún iṣẹ́ akọ̀wé. Mo dúpẹ́ fún àyè tí ẹ fún mi. Ẹ sọ ní ọjọ́ náà pé èsì yóò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mo fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ẹ ti parí ètò náà, tàbí ìgbà wo ni mo lè retí láti gbọ́. Mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà. Bí ìwé kankan bá kù tí ó yẹ kí n fi ránṣẹ́, n ó ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kò sọ ìyà tí ń jẹ wọ́n nílé, kò fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, kò sì fi orúkọ ẹni ńlá kankan dẹ́rù bà wọ́n. Ìlérí tí àwọn fúnra wọn ṣe ni ó fi rán wọn létí. Òótọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ irú lẹ́tà yìí sí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bóyá lórí íméèlì pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, n kò mọ ibi tí yóò ti rí i tò ní èdè ẹlòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún kọjá, ó lè fi ẹ̀rọ pè wọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbà pé ọ̀ràn náà ti parí. Bí iṣẹ́ mìíràn bá yọjú kí èsì tó dé, kí ó kọ̀wé sí ti àkọ́kọ́ pé ibòmíràn ti pe òun, òun sì ní láti dá wọn lóhùn ní ọjọ́ báyìí. Èyí kì í ṣe àfojúdi. Ó sábà máa ń tú ahọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó dákẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn ará ilé yóò máa béèrè láràárọ̀ pé, "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?" Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n a máa gúnni lọ́kàn. Kí ọmọ sọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un fún ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn náà lè fi ọkàn ka á.

Àwọn ẹlẹ́tàn mọ̀ pé ebi èsì ń pa olùwáṣẹ́. Wọn a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ pé, "A ti yàn ọ́," wọn a ní kí ó san owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó ìwé, tàbí kí ó wá nìkan sí ilé kan lẹ́yìn ìlú. Ilé-iṣẹ́ tí o kò kọ̀wé sí rí kò lè yàn ọ́, iṣẹ́ tí yóò sanwó fún ọ kò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ. Ní ti ìpè sí ibi àjèjì, kí ẹ fi han àgbàlagbà kan nílé kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. A ti rí àwọn tí ó jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ tí wọn kò padà wálé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Fi gbólóhùn mẹ́rin tìrẹ fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "dúró de" àti "retí" hàn.

2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kò fi lè tètè dá ẹni kejì lóhùn?

3. Kọ lẹ́tà tí ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ti Ìbàdàn yẹn ti kọ sí ọmọkùnrin náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí ó má ju ìlà márùn-ún lọ.