Ojú Rí I, Ta Ló Sọ Ìtumọ̀ Rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí 1 Sámúẹ́lì orí 1, ẹsẹ 9 sí 18, kí ẹ kọ́kọ́ kà á.

Àlùfáà Élì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé Olúwa, ó ń wo ẹnu Hánà. Ètè obìnrin náà ń mì, ohùn ò jáde. Ohun tí Élì rí, òótọ́ ni. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀: ó rò pé ó ti mutí yó. Báwo ni ojú ṣe ń ríran dáadáa, tí èèyàn á sì ṣì í túmọ̀?

Apá méjì ni Ọlọ́run dá ọpọlọ wa sí, ọ̀tún àti òsì. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ òsì ibi tí a tẹjú mọ́, apá ọ̀tún ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń gbà á. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, apá òsì ni. (Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń ránṣẹ́ sí apá méjèèjì o.) Apá òsì yìí náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Láàárín àwọn méjèèjì, afárá kan wà tó ní okùn iṣan tín-ín-rín bíi 200 mílíọ̀nù, tó ń gbé ìròyìn lọ, tó ń gbé e bọ̀. Torí náà, ẹni tó bá ní apá òsì ọpọlọ nìkan lòun ń lò, ẹ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Méjèèjì là ń lò.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà gé afárá yìí fún àwọn kan tí wárápá ń yọ lẹ́nu gidigidi, kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Roger Sperry yẹ irú wọn wò, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní 1981. Ní àwọn ọdún 1970, Michael Gazzaniga, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti Joseph LeDoux yẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wò. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí.

Wọ́n fi àwòrán méjì hàn án lẹ́ẹ̀kan náà, fìrí báyìí. Ẹsẹ̀ adìẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, apá tó ń sọ̀rọ̀ rí i. Ilé tí òjò-dídì bò wà lọ́wọ́ òsì, apá tí kò lè fọhùn rí i. Wọ́n wá ní kó nawọ́ sí àwòrán mìíràn tó bá ohun tó rí mu. Ọwọ́ ọ̀tún na adìẹ. Ọwọ́ òsì na ṣọ́bìrì, nítorí ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kó òjò-dídì lọ́hùn-ún. Méjèèjì tọ̀nà. Ni wọ́n bá bi í léèrè ìdí tó fi mú wọn.

Ẹ rántí pé apá tó ń sọ̀rọ̀ kò rí òjò-dídì rárá. Ṣé ó ní òun ò mọ̀? Rárá o! Lójú ẹsẹ̀ ló fèsì pé adìẹ ló ni ẹsẹ̀ adìẹ, àti pé ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń gbá ilé adìẹ. Kò purọ́ o. Ohun tó sọ dá a lójú pátápátá. Gazzaniga wá pe apá yìí ní ògbufọ̀.

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù: ògbufọ̀ náà kò mọ̀ pé àwòrán kan wà tí òun kò rí. Arábìnrin kọjá kò kí wa, a ti mọ ìdí. Ó ka ọ̀rọ̀ tá a fi ránṣẹ́ lórí fóònù, àmì búlúù méjì ti yọ, kò fèsì: ìgbéraga ni. Ọkọ dákẹ́ lálẹ́, ìyàwó ti túmọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbí irọ́ ni mo pa? Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọkọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Élì náà kò rí gbogbo ọdún tí Pẹ̀nínà fi ń fi Hánà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àìrọ́mọbí. Ètè nìkan ló rí. Àmọ́ mo fẹ́ràn ohun tí bàbá yìí ṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí Hánà fèsì, kò fi ipò àlùfáà pa á lẹ́nu mọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ìtumọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì súre fún un. Hánà kúrò níbẹ̀, ó lọ jẹun, ojú rẹ̀ sì túká.